Orúkọ Kan, Ọ̀nà Mẹ́rìndínlógún: Fáìlì Hẹ́dà, Ìpinnu Kíkọ́ àti Àkọtọ́ Yorùbá nínú Kernel Linux

1. Ìfáàrà

Ní Èsìẹ́, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà. Ọdún 1945 ni wọ́n dá a sílẹ̀ láti tọ́jú àwọn ère òkúta ìlú náà, tí iye wọn ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Àwọn ará Èsìẹ́ ti mọ ère wọ̀nyí tipẹ́tipẹ́ kí H. G. Ramshaw, alábòójútó ilé ẹ̀kọ́ ìjọ CMS, tó ròyìn wọn ní 1933. Ìwé tí Phillips Stevens kọ lórí wọn sì jáde ní 1978. Ìwé àti fọ́tò ni wọ́n fi ń tọ́jú irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ láyé Ramshaw. Lóde òní, fáìlì ni olùwádìí ń kó jọ: àwòrán, ohùn àwọn àgbà tí a gbà sílẹ̀, àkọsílẹ̀ nípa gíga àti ìrísí ère kọ̀ọ̀kan. Orúkọ fáìlì ni okùn tí a fi di gbogbo ẹrù yìí. Bí okùn bá já, ẹrù lè wà nínú ilé síbẹ̀ kí ọwọ́ má tó o mọ́.

Iṣẹ́ yìí ṣàlàyé bí okùn náà ṣe ń já nígbà tí a bá fi àkọtọ́ Yorùbá tó péye sọ fáìlì lórúkọ, àti bí apá kékeré kan nínú kernel Linux, tí à ń pè ní fs/unicode, ṣe lè so ó padà. A ó wo bí wọ́n ṣe to fáìlì hẹ́dà inú rẹ̀, a ó wo àwọn ìpinnu tí a ń ṣe nígbà tí a bá ń kọ́ kernel, a ó sì wo ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Èrò wa ni pé ètò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà nìkan. Ibi tí a fi ìmọ̀ nípa lẹ́tà sí nínú kóòdù, àti ẹni tí àṣẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti tan ìmọ̀ náà tàbí láti pa á, ni ó ń pinnu bóyá ẹ̀rọ yóò ka orúkọ Yorùbá kan sí orúkọ kan, tàbí sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ orúkọ tí kò bára tan.

2. Ohun tí kernel ń rí

Kernel ni ó dúró láàrin sọ́fúwià tí à ń lò àti àwọn irin inú kọ̀ǹpútà. Kò sí sọ́fúwià tó lè fọwọ́ kan dísíìkì láìgba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Apá kernel tó ń to fáìlì sórí dísíìkì tó sì ń wá wọn jáde ni a ó máa pè ní ètò ìpamọ́ fáìlì. Ext4 jẹ́ ọ̀kan tó wọ́pọ̀ gan-an lórí sáfà Linux. F2FS sì wà nínú ọ̀pọ̀ fóònù Android.

Gẹ́gẹ́ bí àṣà Linux, ètò ìpamọ́ fáìlì kì í ka lẹ́tà. Báìtì ni ó ń kà. Bí a bá yọ báìtì òfo àti ìlà ìdagẹ̀rẹ̀ tí a fi ń ya fódà sọ́tọ̀ kúrò, kò sí báìtì tí kò lè wọ inú orúkọ fáìlì. Orúkọ méjì di ọ̀kan kìkì bí báìtì wọn bá bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Èyí kò pa ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì lára, nítorí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan nínú álífábẹ́ẹ̀tì Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà kan ṣoṣo tí a ń gbà kọ ọ́. Ti Yorùbá yàtọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a mú lẹ́tà tó gbẹ̀yìn nínú Èsìẹ́, ìyẹn ẹ́. Unicode, tí í ṣe àtẹ nọ́ńbà fún lẹ́tà gbogbo èdè, ní nọ́ńbà kan fún ẹ, U+1EB9, ó sì ní òmíràn fún é, U+00E9. Kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ tí àmì ohùn òkè wà lórí rẹ̀. Ṣe ni à ń tò ó pọ̀, ọ̀nà mẹ́rin ni a sì lè gbà tò ó:

Èkíní, ẹ, kí àmì ohùn òkè tẹ̀ lé e: báìtì 5.
Èkejì, é, kí àmì abẹ́ lẹ́tà tẹ̀ lé e: báìtì 4.
Ẹ̀kẹta, e lásán, kí àmì abẹ́ tẹ̀ lé e, kí àmì ohùn wá gbẹ̀yìn: báìtì 5.
Ẹ̀kẹrin, e lásán, kí àmì ohùn ṣáájú, kí àmì abẹ́ gbẹ̀yìn: báìtì 5.

Ojú ènìyàn kò lè dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn. Lẹ́tà È tó ṣáájú orúkọ náà ní ọ̀nà méjì, ì tó wà láàrin ní ọ̀nà méjì. Bí a bá sọ méjì di ìlọ́po méjì, tí a tún sọ èyí di ìlọ́po mẹ́rin, Èsìẹ́ kan ṣoṣo yóò ní ọ̀nà 16 tí a lè gbà kọ ọ́ sórí dísíìkì. Èyí tó kúrú jù gba báìtì 9, èyí tó gùn jù gba 12. Gbogbo rẹ̀ tọ̀nà lójú Unicode, nítorí Unicode fúnra rẹ̀ sọ pé wọ́n dọ́gba. Ṣùgbọ́n lójú ext4 tí a kò ṣe ètò pàtàkì fún, fáìlì 16 ni wọ́n.

Kì í ṣe àbá orí ìwé lásán ni èyí. Kíbọọ̀dù Yorùbá kan máa ń fi àmì ohùn sẹ́yìn ẹ, òmíràn máa ń fi àmì abẹ́ sẹ́yìn é. HFS+, ètò ìpamọ́ fáìlì tí Apple lò fún ọ̀pọ̀ ọdún, máa ń tú lẹ́tà sí wẹ́wẹ́ kó tó kọ orúkọ sílẹ̀. NTFS ti Windows máa ń fi í sílẹ̀ bó ṣe bá a. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Òmù-Àrán, níbi tí Landmark University wà láti 2011, fi kọ̀ǹpútà Apple àtijọ́ kan kó àwòrán ère jọ, tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ìlọrin sì tẹ àtòjọ orúkọ wọn sínú ìwé ìṣirò lórí Windows. Bí wọ́n bá kó méjèèjì sórí sáfà Linux, tí sọ́fúwià sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtòjọ wá àwòrán, sáfà yóò máa dáhùn pé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ kò sí, nígbà tí fáìlì náà wà níbẹ̀ tí gbogbo ojú ń rí i. Ẹ̀rù tó tún bani jù ni òdìkejì rẹ̀: kí fáìlì méjì tí orúkọ wọn jọra délẹ̀délẹ̀ jókòó sínú fódà kan, kí ẹnikẹ́ni má mọ èyí tí a tún ṣe kẹ́yìn.

3. Bí wọ́n ṣe to fáìlì hẹ́dà inú fs/unicode

Ní oṣù keje ọdún 2019 ni Linux 5.2 jáde, inú rẹ̀ ni fs/unicode ti kọ́kọ́ hàn. Gabriel Krisman Bertazi ní ilé iṣẹ́ Collabora ni ó darí iṣẹ́ náà, orí kóòdù tí Olaf Weber ti kọ ní ilé iṣẹ́ SGI ní 2014 ni ó sì gbé e lé. Kì í ṣe nítorí Yorùbá ni wọ́n ṣe é. Ohun tí wọ́n ń wá ni kí ext4 lè ka lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré sí ọ̀kan. Ṣùgbọ́n kò sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè ṣe èyí fún gbogbo èdè láìkọ́kọ́ mú àwọn ọ̀nà ìkọ̀wé tó dọ́gba wá sí ìrísí kan. Ìmúdọ́gba yìí ni èrè tiwa nínú iṣẹ́ náà.

Kí a tó wo inú rẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí hẹ́dà jẹ́. Nínú èdè C tí a fi kọ kernel, fáìlì tí orúkọ rẹ̀ parí sí .c ni iṣẹ́ gan-an wà. Fáìlì tó parí sí .h ni hẹ́dà: ó dà bí pátákó tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó sọ ohun tí wọ́n ń tà nínú ilé àti bí a ṣe ń béèrè fún un, ṣùgbọ́n kò kó ọjà síta. Ẹni tó bá fẹ́ lo fọ́ńṣọ̀n kan kò nílò láti ka bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Pátákó rẹ̀ ti tó.

Pátákó méjì ni fs/unicode ní, ibi tí wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ni ó ṣe pàtàkì. Èkíní ni include/linux/unicode.h. Ojúde ni ó wà, níbi tí gbogbo apá kernel ti lè rí i. Ìbéèrè díẹ̀ ni ó gbà: utf8_load láti gbé àtẹ lẹ́tà sókè, utf8_validate láti yẹ̀ ẹ́ wò bóyá báìtì orúkọ kan bá òfin UTF-8 mu, utf8_strncasecmp láti fi orúkọ méjì wéra, àti díẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí i. Ext4 àti F2FS kò mọ̀ ju èyí lọ. Èkejì ni utf8n.h. Inú fódà fs/unicode gan-an ni ó wà, kì í jáde síta. Òun ni ó sọ bí a ṣe ń rìn láti báìtì kan dé òmíràn, bí a ṣe ń tú ẹ́ sí e àti àmì méjì, àti bí a ṣe ń to àwọn àmì náà kí àmì abẹ́ máa ṣáájú àmì ohùn nígbà gbogbo.

Àǹfààní ìpínyà yìí hàn nígbà tí àtúnṣe dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àtẹ ńlá tó ní ìmọ̀ nípa gbogbo lẹ́tà ayé wà nínú hẹ́dà kan, utf8data.h, tí kóòdù kan ṣoṣo ń gbé wọlé. Ẹrù náà wúwo fún hẹ́dà: ó wọ inú iranti gbogbo kernel tó tan ètò yìí, yálà ẹnìkan ń lò ó tàbí ẹnikẹ́ni kò lò ó. Nígbà tí Linux 5.17 jáde ní 2022, wọ́n ti sọ àtẹ náà di utf8data.c, mọ́dù tó dá dúró, tí kernel lè gbé wọlé nígbà tó bá nílò rẹ̀. Wọ́n gbé ọjà kúrò lórí pátákó padà sínú ilé. Orúkọ àwọn ìbéèrè tí ext4 ń béèrè lójúde kò torí rẹ̀ di òmíràn.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ mọ́dù tirẹ̀ fún ìpamọ́ fáìlì lè fa òfin mẹ́rin yọ níbẹ̀. Ohun tí ẹlòmíràn yóò pè nìkan ni kí ó wà nínú hẹ́dà ìta. Ohun tó jẹ́ ti inú ilé, kí ó wà nínú fódà mọ́dù náà. Àtẹ tí ẹ̀rọ ṣe, kí a má fi í sínú hẹ́dà. Hẹ́dà kọ̀ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ pe gbogbo ohun tí òun fúnra rẹ̀ gbára lé, kí ó sì ní ìṣọ́ #ifndef tí kò ní jẹ́ kí a kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ilẹ̀kùn kan tún wà, ìyẹn include/uapi, tí wọ́n yà sọ́tọ̀ ní 2012 fún àwọn hẹ́dà tí sọ́fúwià aráàlú ń lò. Unicode.h kò sí níbẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀: aráàlú kì í pe ìmúdọ́gba fúnra rẹ̀, ohun tó ń rí ni pé fáìlì tó béèrè jáde.

4. Ìpinnu kíkọ́

Orísun kóòdù Linux kan náà ni a fi ń kọ́ kernel fún fóònù, fún sáfà àti fún ẹ̀rọ tẹlifíṣọ̀n. Ohun tó mú wọn yàtọ̀ ni ìpinnu tí ẹni tó ń kọ́ ọ ṣe. Fáìlì Kconfig ni ó ń to ìbéèrè sílẹ̀. Ìdáhùn ni à ń kọ sínú fáìlì.config. Fún fs/unicode, CONFIG_UNICODE ni ìbéèrè náà ń jẹ́, ìdáhùn mẹ́ta ni ó sì gbà láti 2022: y, kí gbogbo rẹ̀ wà nínú kernel; m, kí kóòdù wà nínú kernel ṣùgbọ́n kí àtẹ lẹ́tà jẹ́ mọ́dù; n, kí ó má sí rárá.

Makefile ni ó ń sọ ìdáhùn di iṣẹ́. Ìlà kan nínú rẹ̀ tó láti fi ọgbọ́n náà hàn:

obj-$(CONFIG_UNICODE) += utf8data.o

Bí ìdáhùn bá jẹ́ m, ìlà náà di obj-m, àtẹ á sì di mọ́dù. Bí ó bá jẹ́ y, ó di obj-y, àtẹ á wọ inú kernel. Bí ẹnikẹ́ni kò bá dáhùn, kò sí àtòjọ tí ìlà náà já sí. Mọ́dù tí a kọ lẹ́yìn òde igi kóòdù Linux ń lo ọgbọ́n kan náà: obj-m ni à ń kọ sínú Makefile rẹ̀, a sì ń fi ccflags-y tọ́ka sí fódà tí hẹ́dà tirẹ̀ wà, dípò kí a máa kọ ọ̀nà jíjìn sínú kóòdù.

Ohun kan tún wà nínú Makefile yìí tó yẹ kí onímọ̀ èdè kíyè sí. Kò sí ènìyàn tó fi ọwọ́ kọ àtẹ lẹ́tà náà. Sọ́fúwià kékeré kan, mkutf8data, ni ó ń ka àwọn ìwé tí Unicode gbé jáde, irú bíi UnicodeData.txt àti CaseFolding.txt, tó sì ń sọ wọ́n di kóòdù. Wọ́n ti ṣe é sílẹ̀ ṣáájú, wọ́n sì fi kún orísun, kí ẹni tó ń kọ́ kernel má baà ní láti lọ wá ìwé kiri. Ẹni tó bá fẹ́ tún un ṣe gbọ́dọ̀ sọ ọ́ jáde, pẹ̀lú REGENERATE_UTF8DATA=1. Ẹ̀dà Unicode 12.1 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Nípa báyìí, orísun ìmọ̀ nípa ẹ́, ọ̀ àti ṣ nínú kernel kì í ṣe ọwọ́ olùkọ kóòdù kan. Ìwé gbangba ni, tí ẹnikẹ́ni lè tọpa rẹ̀ padà.

5. Láti kernel dé orí dísíìkì

Títan CONFIG_UNICODE nìkan kò tó. Ẹni tó ń pèsè dísíìkì gbọ́dọ̀ béèrè fún un nígbà tó bá ń ṣe ext4 sórí rẹ̀, pẹ̀lú mkfs.ext4 -O casefold. Lẹ́yìn náà ni yóò yan fódà tó fẹ́, nígbà tí fódà náà ṣì ṣófo, pẹ̀lú chattr +F. Láti ìgbà yìí lọ, ọ̀nà 16 tí a fi ń kọ Èsìẹ́ á di orúkọ kan nínú fódà náà. Kernel kì í yí ohun tí a tẹ̀ padà. Báìtì tí òǹkọ̀wé kọ́kọ́ lò ni yóò wà lórí dísíìkì. Ìgbà tí ó bá ń wá orúkọ nìkan ni ó ń mú un dọ́gba. Àwọn fódà tí a kò yàn yóò máa ka báìtì bíi ti tẹ́lẹ̀.

Ohun méjì ni a gbọ́dọ̀ rò kí a tó ṣe bẹ́ẹ̀. Àkọ́kọ́, ìmúdọ́gba àti ìdàpọ̀ lẹ́tà ńlá pẹ̀lú kékeré jọ ń rìn ni. Ext4 kò jẹ́ kí a mú ọ̀kan kí a fi èkejì sílẹ̀. Fódà tó bá ní Ọba kò ní gba ọba mọ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì mìíràn. Èkejì wúwo jù: bí a bá gbé dísíìkì bẹ́ẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ tí ẹni tó kọ́ kernel rẹ̀ fi n dáhùn CONFIG_UNICODE, kernel náà kò ní gbà láti ṣí dísíìkì náà rárá. Ìpinnu kan tí ẹni tí a kò mọ̀ ṣe níbòmíràn lè ti ilẹ̀kùn mọ́ àkójọ ọdún mẹ́wàá. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ̀ka tó bá ń tọ́jú àkójọ mọ ìdáhùn tó wà nínú kernel sáfà tirẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ Linux, inú fódà /boot ni fáìlì ìdáhùn náà wà, orúkọ rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú config.

6. Ibi tí kernel dúró, tí onímọ̀ èdè ti bẹ̀rẹ̀

Ìmúdọ́gba Unicode mọ ohun tí Unicode kà sí ọ̀kan, kò mọ ohun tí Yorùbá kà sí ọ̀kan. Àmì abẹ́ lẹ́tà jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Nínú ìwé mìíràn kíkán ni, U+0323; nínú òmíràn ìlà kékeré òòró ni, U+0329. Òǹkàwé Yorùbá yóò pe méjèèjì ní ẹ láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lójú Unicode, àmì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, kò sì sí ìmúdọ́gba tí yóò so wọ́n pọ̀. Bákan náà ni Esie tí kò ní àmì kankan kò lè di Èsìẹ́ láé, bó ti wù kí a tan CONFIG_UNICODE tó.

Irú ìpinnu yìí kì í ṣe tuntun nínú ìtàn wa. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Èkó ní 1875 fẹnu kò lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè yìí. Ìwé Ayọ̀ Bámgbóṣé lórí àkọtọ́ jáde ní 1965. Ìjọba sì fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní ní 1974. Ìwé títẹ̀ ni gbogbo ìjíròrò wọ̀nyẹn ní lọ́kàn, ibi tí ojú ti ń ṣe ìdájọ́. Lórí ẹ̀rọ, báìtì ló ń ṣe ìdájọ́. Àkọtọ́ 1974 sọ lẹ́tà tí a ó kọ, kò sọ báìtì tí a ó fi kọ ọ́, nítorí kò tíì sí Unicode nígbà náà.

Ohun mẹ́ta ni ẹ̀ka Yorùbá tàbí ilé àkójọ lè ṣe láìdúró de ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n yan kíkán, kí wọ́n fi ìlà òòró sílẹ̀ nínú orúkọ fáìlì. Kí wọ́n yan ìrísí ìmúdọ́gba kan, NFC ló bá ọ̀pọ̀ kíbọọ̀dù mu jù, kí wọ́n sì mú gbogbo orúkọ wá sínú rẹ̀ kí fáìlì tó wọ àkójọ. Kí wọ́n tún kọ òfin méjèèjì sínú ìwé kékeré kan tí yóò wà pẹ̀lú àkójọ náà níbikíbi tó bá ń lọ. Kí wọ́n má sì gbàgbé gígùn: ext4 kò gbà ju báìtì 255 lọ fún orúkọ kan. Lẹ́tà tó ní àmì lókè àti nísàlẹ̀ ń gba báìtì 5 nínú NFC, nítorí náà 51 péré ni irú rẹ̀ tó lè wọlé, nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń lo 255.

7. Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé lẹ́tà kan tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ̀ lè di mẹ́rin lórí dísíìkì, àti pé orúkọ ìlú kan lè di 16. A rí i pé fs/unicode yanjú ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ nítorí pé wọ́n to ilé náà dáadáa: hẹ́dà kan fún ìta, ọ̀kan fún inú, àtẹ lẹ́tà lọ́tọ̀, àti ìbéèrè kan tó ń tan gbogbo rẹ̀ tàbí tó ń pa á. A sì rí i pé ìbéèrè náà wà lọ́wọ́ ẹni tó kọ́ kernel, ẹni tó ṣeé ṣe kó má tíì rí ẹ tó ní àmì lórí rí.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń tọ́jú àkójọ Yorùbá kò lè fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún ẹ̀rọ nìkan. Kí ó bi olùtọ́jú sáfà rẹ̀ ní ìbéèrè kan: kí ni ìdáhùn CONFIG_UNICODE níhìn-ín? Lẹ́yìn náà, kí ó bi ara rẹ̀ ní èkejì: ẹ wo ni à ń kọ? Ère Èsìẹ́ ti la ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí wọ́n tó kọ́ ilé fún wọn. Àwòrán wọn lórí dísíìkì kò ní irú agbára òkúta bẹ́ẹ̀. Orúkọ tí a fi pè é ni yóò máa gbé e jáde.